Kí o tó fi owó àjọ ra báàsì olókùn mẹ́fà, jọ̀ọ́ ka èyí ná

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi tipẹ́, DM kan tó wọlé lánàá ló jẹ́ kí n wá sọ ọ́ síta. Ó máa gùn díẹ̀. Ẹ lọ mú nǹkan jíjẹ dání.

Àbúrò kan ní Agége ló kọ̀wé sí mi. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjọ máa kàn mí lópin oṣù yìí. Mo ti rí báàsì olókùn mẹ́fà kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó." Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Lóòótọ́, ó rẹwà. Igi rẹ̀ ń dán bí ojú omi, nob ara rẹ̀ tó márùn-ún. Mo bi í pé ó ti tó ìgbà wo tó ti ń ta báàsì. Ó ní oṣù mẹ́jọ, ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn lòun ń lò. Mo ní ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, okùn mélòó ló ní? Ó ní mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti já, mẹ́ta lòun ń ta.

Okùn mẹ́ta. Ó wá fẹ́ ra mẹ́fà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, ó sì dùn mí títí dòní. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo kó owó tí mo ń tọ́jú fún owó ilé, mo fi ra olókùn márùn-ún kan lọ́wọ́ ẹnì kan. Active ni, ìyẹn àwọn tó ń lo bátìrì 9V nínú. Irin ara rẹ̀ ń tàn bíi góòlù. Mo ya á ní fọ́tò lóríṣìíríṣìí, mo gbé e sórí status, àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire bí ẹni tó ra mọ́tò. Nígbà tí lańlọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi kiri Maryland, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà jáde.

Ọ̀sẹ̀ kejì, bándì kan pè mí sí òde ìgbéyàwó, nínú gbọ̀ngàn kan lápá Ọ̀pẹ̀bí. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo rí lórí YouTube: mo gbé bass sókè tán, mo gbé treble sókè tán, mo fa mid wálẹ̀ pátápátá. Nínú yàrá mi, ohùn yẹn dùn bí oyin. A bẹ̀rẹ̀ lóde o. Bí onídùrọ́ọ̀mù ṣe wọlé, tí kíbọọ̀dù wọlé, tí gángan náà wọlé, ọ̀gá wa yíjú sí mi láàárín orin. Ó ní, "Báàsì dà?"

Mo gbé fólíọ̀mù sókè. Orin kejì, ó tún yíjú. "Báàsì dà?" Tábìlì tó wà níwájú spíkà ń gbọ̀n, ife ń jó lórí rẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́ nóòtù kan tí mò ń ta. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọn ò pè mí mọ́. Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni wọ́n pè, tó gbé olókùn mẹ́rin kan wá tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ lọ wò ó, inú ń bí mi. Gbogbo nóòtù tí bàbá yẹn ta ni mo gbọ́, láti ẹnu géètì níbi tí àwọn onímọ́tò ń páàkì sí.

Ó gbà mí tó ọdún kan kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni owó yín ń gbà lọ.

Okùn E, tó nípọn jù lórí olókùn mẹ́rin, ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. B tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí olókùn márùn-ún ò ju nǹkan bí ìgbà 31 lọ. Fóònù rẹ ò lè gbé irú ohùn yẹn jáde, spíkà inú rẹ̀ kéré jù. Tó o bá gbọ́ báàsì lórí fóònù, àwọn ohùn òkè tó ń bá okùn náà rìn lò ń gbọ́, ọpọlọ rẹ ló ń bá ọ fi ìyókù kún un. Inú mid ni ọ̀pọ̀ àwọn ohùn òkè yẹn ń gbé. Ìwọ wá lọ fa mid wálẹ̀! O ti gé ahọ́n báàsì, o wá ń pariwo mọ́ ọn pé kó sọ̀rọ̀.

Nínú yàrá, ìwọ nìkan ni, kò sí ẹni tó ń bá ọ du àyè. Tó o bá dé àárín bándì, kick onídùrọ́ọ̀mù ti jókòó sísàlẹ̀ níbi tó o kó gbogbo ohùn rẹ sí, síńbà ti gba òkè. Gbọ̀ngàn òde wa náà tún wá ń fi ariwo tiẹ̀ kún un, ògiri lásán, tóìlì lásán, ohùn ìsàlẹ̀ á kàn máa yí po níbẹ̀ bí ẹni tó sọnù. Ibi tí wọ́n ti lè gbọ́ ọ ni àárín, lápá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá yẹn mọ̀. Ó fa bass wálẹ̀ díẹ̀, ó fi mid kún un, ó sún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn sápá bridge. Tí o bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lóun nìkan, wàá ní kò dùn, pé ó gbẹ. Nínú orin, òun ni gbogbo èèyàn ń jó sí.

Ìdánwò ọ̀fẹ́ rèé: kí o tó ra ohunkóhun, da gbogbo nob rẹ sí àárín gbùngbùn, fi ọ̀sẹ̀ méjì ta á bẹ́ẹ̀. Ní kí ẹnì kan gba orin yín sílẹ̀ lórí fóònù láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ gbọ́ ọ nílé. Wàá rí ọ̀rọ̀ bá ara rẹ sọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ríra.

Èrò tèmi, kí ẹni tó bá máa binú bínú: báàsì àkọ́kọ́ tó o máa fi owó ara rẹ rà, olókùn mẹ́rin ni kó jẹ́, passive ni kó jẹ́, tí ojú ò bá sì tì ọ́, tòkunbọ̀ ni kó jẹ́. Lọ́dún 1951 ni Leo Fender gbé Precision Bass jáde ní Amẹ́ríkà, Jazz Bass tẹ̀lé e lọ́dún 1960. Okùn mẹ́rin, ínǹṣì 34 láti bridge dé nut, kò sí bátìrì. Àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ báàsì ọjà ń fara wé títí dòní, àti ojúlówó, àti àwọn tí a ò mọ orúkọ bàbá wọn. Ohun tí ẹ bá gbọ́ tó dùn nínú orin láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Ní ti bátìrì, ẹ jọ̀ọ́, nílùú tí iná ò ṣeé gbára lé, ẹ tún fẹ́ ra báàsì tó nílò iná tiẹ̀? Tí wáyà bá ti wà nínú jack báàsì active, ó ń jẹ bátìrì, bó o ta á, bó ò ta á. Mi ò mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ ìṣọ́ òru kan, mo ki wáyà bọ̀ ọ́ láago mẹ́sàn-án, mo gbé e sórí stand, wọ́n wàásù títí di aago kan òru. Nígbà tí praise wọlé tí gbogbo èèyàn dìde, báàsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn, ó wá dákẹ́ pátá. Pásítọ̀ wò mí. Àwọn akọrin wò mí. Ta ni yóò ta bátìrì 9V láago kan òru ní Maryland? Tó o bá ti ní active tẹ́lẹ̀, kò burú, máa yọ wáyà lẹ́nu rẹ̀, kí bátìrì tuntun kan wà nínú àpò rẹ nígbà gbogbo.

Kí n má purọ́ o, olókùn márùn-ún ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó bá ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó mọ̀ pé ajórin ò ní bi ọ́ kó tó gbé kéè. Tí wọ́n bá balẹ̀ sí E-flat tàbí D, nóòtù ìsàlẹ̀ tó wúwo yẹn kò sí lórí olókùn mẹ́rin, àfi kó o gbé e lọ sókè. Tó bá jẹ́ pé òun ni oúnjẹ rẹ, ra olókùn márùn-ún, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n tẹ B rẹ̀ wò kó o tó sanwó. Lórí ọ̀pọ̀ àwọn tó pọ́ọ́kú, B yẹn máa ń rọ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó ń hó, kò ń kọrin. Ohun kejì tí wọn kì í sọ fún yín ni pé okùn tí o kò ta náà ń ké. Tó o bá ta G, B á máa gbọ̀n lábẹ́lẹ̀, A á máa bá a gbè. Àtàǹpàkò ọ̀tún gbọ́dọ̀ sùn lórí okùn tó wà lókè ọwọ́ rẹ, ìka òsì tí kò níṣẹ́ gbọ́dọ̀ fara kan ìyókù díẹ̀, kí wọ́n dákẹ́. Okùn kan tó o bá fi kún un, ẹnu kan lo fi kún ohun tí wàá máa pa lẹ́nu mọ́. Ẹni tí kò tíì lè pa mẹ́rin lẹ́nu mọ́, kí ni mẹ́fà fẹ́ ṣe fún un?

Tó o bá dé Alábà, tàbí o fẹ́ ra tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, má kọ́kọ́ ki wáyà bọ̀ ọ́. Gbé orí rẹ̀ sókè sójú rẹ, di ojú kan, wo ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Tó bá lọ́ bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀yìn, fi í sílẹ̀. Tó bá kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ṣeé tún ṣe, fìyẹn dín owó. Lẹ́yìn náà, ta gbogbo fret lórí gbogbo okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kódà tí ẹni tó ń tà á bá ń pòṣé. Ibi tó bá ti kú tàbí tó ń hó, rántí ẹ̀. Ìgbà yẹn ni kó o wá ki wáyà bọ̀ ọ́, yí àwọn nob, jọ wáyà lẹ́nu jack díẹ̀ bóyá á máa ké ràá-ràá. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á bá ọ ta á kó o lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọwọ́ tiẹ̀ ló dùn, ọwọ́ yẹn ò sì bá ọjà lọ.

Owó tó bá ṣẹ́ kù, setup ni kó o ná an lé. Mo ń sọ eléyìí pẹ̀lú gbogbo àyà mi: ọ̀pọ̀ báàsì tí ẹ̀ ń pè ní burúkú, ẹnikẹ́ni ò tíì tún un ṣe rí láti ìgbà tó ti kúrò ní fáktírì ni. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn rẹ̀, truss rod, òun ló ń bá okùn fà á kí ọrùn má tẹ̀ jù. Nígbà ọyẹ́, igi á gbẹ, á sún kì. Nígbà òjò, á mu omi, á wú. Ọrùn tó dára ní November lè máa hó ní January, kì í ṣe àwọn ará ilé yín. Wò ó báyìí: tẹ okùn E mọ́ fret àkọ́kọ́, fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fret tó gbẹ̀yìn, wo àyè tó wà lábẹ́ okùn náà láàárín. Kó má ju ìnípọn káàdì rìchájì lọ. Tó bá pọ̀ jù tàbí tí kò sí rárá, wá kọ́kọ́rọ́ tó wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́, yí truss rod ní ìdámẹ́rin ìyípo kan péré, tún ohùn okùn ṣe, wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá le lọ́wọ́, má fi agbára yí i, gbé e tọ ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Mo mọ ẹnì kan tó fi agbára yí tiẹ̀, irin náà já sínú. Báàsì yẹn ló fi ń há ẹ̀wù kọ́ báyìí.

Okùn tuntun náà wà lára setup. Ìwọ̀n 45 sí 105 ló wọ́pọ̀, ó dáa tó. Tí kò bá sí owó, bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ti se okùn báàsì bí ẹni ń se ẹ̀fọ́ rí. Omi gbígbóná á fọ ọ̀rá àti ìdọ̀tí àárín rẹ̀ kúrò, á dún bíi tuntun fún ọjọ́ mélòó kan, á padà síbi tó wà. Nù ún gbẹ dáadáa o. Má sì jẹ́ kí màmá yín rí i nínú ìkòkò.

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé okùn tó ti gbó ò lè dùn, bi í léèrè James Jamerson. Òun ló ta báàsì nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin Motown ní Detroit láwọn ọdún 1960. Precision Bass ló ń ta, okùn flatwound tó nípọn ló wà lórí rẹ̀, kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ àfi tó bá já. Ìka kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀tún ló fi ń ta gbogbo ẹ̀, wọ́n ń pe ìka yẹn ní The Hook. Orí double bass ló ti bẹ̀rẹ̀, ìka kan yẹn sì ti ibẹ̀ wá.

Mo fẹ́ràn kí n máa ronú nípa double bass. Ọ̀nà Ìkòròdú tí dáńfó ń gbé mi gbà láti Maryland, ẹ̀bá ọ̀nà yẹn ni Bobby Benson ṣí Caban Bamboo sí láyé ọjọ́un, tó di Hotel Bobby nígbà tó yá. Láwọn ọdún 1950, tí E.T. Mensah ń kó Tempos rẹ̀ wá láti Gold Coast wá ṣeré níbí, double bass ni báàsì bándì highlife. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọkùnrin, okùn rẹ̀ gùn tó nǹkan bí ínǹṣì 41 tàbí 42, kò sí fret kankan lọ́rùn rẹ̀, etí rẹ nìkan ló máa sọ fún ọ pé o ti débẹ̀. Báàsì oníná tó rọrùn gbé wá lé e kúrò lójú agbo. Kò yà mí lẹ́nu. Èmi tí mo gbé báàsì oníná kọ́ ẹ̀yìn, kọ́ńdọ́ ní Ojota sọ pé owó èèyàn méjì ni máa san. Ta ló fẹ́ gbé double bass wọ dáńfó? Òkè mọ́tò ni wọ́n máa so ó sí bí ewúrẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i lójúkojú lónìí, ẹ lọ wo àwọn olórin MUSON ní Onikan, ẹ jókòó sápá ọ̀tún kẹ́ ẹ sì wo ọwọ́ wọn.

Ọwọ́ òsì wọn pàápàá. Àwọn tó ń ta double bass kì í fi ìka mẹ́rin há fret mẹ́rin bí a ṣe máa ń rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Franz Simandl, tó kọ ìwé ìkọ́ni double bass tí wọ́n ṣì ń lò, ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín, àti ìka kékeré ló ní kí wọ́n máa lò nísàlẹ̀ ọrùn, tí ìka òrùka á máa bá ìka kékeré tẹ̀ ẹ́ papọ̀. Nóòtù mẹ́ta ní ojú kan, lẹ́yìn náà kí gbogbo ọwọ́ sún. Lórí báàsì oníná, láti fret àkọ́kọ́ dé ìkarùn-ún, ọ̀nà yìí ni mò ń lò báyìí, òun ló sì gbà mí lọ́wọ́ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá.

Ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ rèé. Mo máa ń gbé báàsì mi kọ́ sísàlẹ̀ gan-an, lápá orúnkún, torí ó dáa nínú fọ́tò. Bó ṣe wà nísàlẹ̀ yẹn, ọrùn ọwọ́ òsì mi gbọ́dọ̀ ká kò kó tó lè dé ọrùn báàsì. Ìsìn mẹ́ta lọ́jọ́ Sunday, ìṣọ́ òru ní Friday, rehearsal láàárín ọ̀sẹ̀, mo sì ń fi gbogbo ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya ara wọn. Lọ́jọ́ kan, mi ò lè yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn ara mi. Àtàǹpàkò mi kú tipiri. Ẹni tó tọ́jú mi ní ọsibítù ní kí n má fọwọ́ kan báàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé tí n bá ṣe orí kunkun, mo lè má ta á mọ́ rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí òde, láìsí owó. Mo jókòó sílé, mò ń wo báàsì lára ògiri, báàsì náà ń wò mí.

Nítorí náà, ẹ fa strap yín sókè. Ibi tí báàsì bá wà tẹ́ ẹ bá jókòó, ibẹ̀ náà ni kó wà tẹ́ ẹ bá dìde, kí ọrùn ọwọ́ lè gún. Ẹ ra strap tó fẹ̀, torí báàsì lè wúwo tó kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún, èjìká kan ṣoṣo ló sì ń gbé e. Ẹ má fi àtàǹpàkò fún ọrùn báàsì bí ẹni fẹ́ pa adìyẹ. Tẹ̀ ẹ́ sún mọ́ ẹ̀yìn fret, agbára díẹ̀ á tó. Tó bá dùn yín, ẹ dúró. Kì í ṣe ìwà akin láti máa ta á lọ.

Ọwọ́ ọ̀tún náà kò gbọdọ̀ bínú sí okùn. Ẹ jẹ́ kí amp pariwo kí ọwọ́ rọra. Ẹni tó bá ń fi gbogbo agbára ta á, gbogbo nóòtù rẹ̀ á dọ́gba ní ariwo, kò ní sí ibi tó lè gun òkè sí nígbà tí orin bá gbóná.

Ohun tí mo fi padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, àìkánjú ni, àwọn orin Fẹlá ló sì kọ́ mi. New Afrika Shrine wà ní Agidingbi, Ìkẹjà níbí náà ni, kò jìnnà sí wa. "Confusion" tó jáde lọ́dún 1975 tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, orin kan ṣoṣo. Maurice Ekpo wà lára àwọn tó ta báàsì fún Africa 70, ẹ fetí sílẹ̀ sí ohun tí irú iṣẹ́ yẹn gbà: gbólóhùn kúkúrú kan, ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, kò yára, kò falẹ̀, kò fi ọwọ́ òkè dárà torí pé ọmọge kan ń wò ó. Tony Allen lè máa rìn lórí dùrọ́ọ̀mù bó ṣe wù ú torí pé báàsì ò kúrò nílé. Mo bi yín, ta ni nínú àwa tá à ń ṣe slap lórí TikTok ló lè ta gbólóhùn kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?

Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ ṣí metronome ọ̀fẹ́ lórí fóònù, ẹ jẹ́ kó lọ́ra, ẹ mú gbólóhùn tí kò ju nóòtù mẹ́fà lọ, ẹ gba ara yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ìṣẹ́jú kẹta, ẹ máa fẹ́ fi nǹkan kún un. Ní ìkarùn-ún, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tó ti le jù. Ní ìkẹwàá, ẹ máa gbọ́ pé nóòtù kan máa ń pẹ́ jù nígbà gbogbo, nóòtù kan náà. Èmi, ti tèmi ni nóòtù kẹrin. Mi ò mọ̀ rárá láti ọdún tí mo ti ń ta á, àfi ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ nínú fóònù. Ibi tí nóòtù ti parí ṣe pàtàkì bí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ijó wà. Tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ dín ìró metronome kù sí ìdajì, kẹ́ ẹ máa ka ìró náà sí ìlù kejì àti ìkẹrin. Ẹ máa sunkún.

Àsọdùn kọ́, ohun tí mò ń sọ yìí ti wà nílé wa tipẹ́. Agídìgbo nínú àpàlà, àpótí onígi tó ní irin pẹlẹbẹ lórí, ẹ gbọ́ àwọn àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá kẹ́ ẹ fetí sí ohun tó ń lọ nísàlẹ̀ ohùn bàbá náà. Irin ibẹ̀ ò pọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dákẹ́, ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ìlù. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lù ú. Ẹ bá mi wá ẹni tó ta agídìgbo tó sì ń yáwọ́ bí ẹni tí ajá ń lé.

Kí n tó gbàgbé, nǹkan kékeré kan fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní amp, tó jẹ́ pé inú mixer ni wọ́n ń ki báàsì sí tààrà. Passive tó bá wọ mixer bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pàdánù ohùn òkè rẹ̀, á dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. DI box kékeré ló ń yanjú ẹ̀. Òun náà ló máa ń dín ariwo hùùù tí ẹ̀ ń gbọ́ tí wọ́n bá gbé jẹ́nẹ́rétọ̀ sókè kù, tó bá ní bọ́tìnnì ground lift. Ẹ bẹ ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n rà á. Tí wọn ò bá rà á, ẹ ra tiyín, ó pọ́ọ́kú ju olókùn mẹ́fà lọ fíìfíì.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò yẹn ní voice note mẹ́jọ. Kò fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé inú ti bí i, torí nígbà tí èmi náà wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní kí n má ra báàsì góòlù mi, ọ̀tá mi ni. Láàárọ̀ òní ló wá kọ̀wé. Ó ní òun ti rí olókùn mẹ́rin tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní Òkè-Òdò, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹni náà ti dín owó rẹ̀ kù fún òun, nǹkan á ṣẹ́ kù nínú àjọ. Ó ní, "Ṣùgbọ́n kò rẹwà o, bọ̀dá."

Mo ní kó gbé e wá sí Maryland lọ́jọ́ Saturday. Kó ra okùn tuntun dání. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.